Ẹni Tí Honourable Kò Tíì Bẹ̀

Bí ẹ bá wọ ọsibítù Seton ní Calgary, ní Canada níbí, láàárọ̀, tí ẹ rí bàbá dúdú kan tó ga, tó fá orí kodoro, tó ń ti aláìsàn lórí wheelchair jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, Honourable nìyẹn. Dúrótìmí Akínrẹ̀mí lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, porter ni. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Tim. Àwa nọ́ọ̀sì tá a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà la ń pè é ní Honourable.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, mo rò pé àwàdà ni. A kúkú mọ irú oyè bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa: kéèyàn ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti di Honourable títí ayé nìyẹn. Ọjọ́ tí Adéfúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé àdúgbò Copperfield, fi fọ́tò kan hàn mí ni ẹnu mi tó pa dé. Bàbá náà ló jókòó yẹn lórí àga gígùn aláwọ̀ ewé, láàárín àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wọ kóòtù, tó gbé ìwé dání. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi jẹ́ MP fún ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Eastmere.

Èmi Fẹ́yìsayọ̀, mi ò mọ ọ̀rọ̀ mì. Mo bi í lọ́jọ́ kejì pé, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni MP ìlú òyìnbó ṣe wá ń ti wheelchair ní Calgary?"

Ó ní, "Wọ́n dìbò mi jáde ni, Fẹ́yì. Ìyẹn náà wà lára democracy." Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ẹni tó ń tì lọ.

Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó dé England. Ó wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́wàá, ó di aṣojú àwọn awakọ̀, ó di kánsẹ́lọ̀, ó sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún kó tó di MP. Ìdìbò tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi gba ìjókòó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, Adéfúnmi, tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbí, ní kó wá máa bá òun gbé. Basement ọmọ rẹ̀ ló wà láti ìgbà náà. Ó ní òun ò lè máa jókòó wo snow láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ló bá wá iṣẹ́ porter.

Àwọn èèyàn wa kò gbà pé ó ti parí síbẹ̀ o. Lójú tiwa, ẹni tó bá ti jókòó nílé aṣòfin rí, ó ní láti mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Ẹni tí PR rẹ̀, ìwé àṣẹ láti máa gbé ìlú yìí, bá pẹ́, ó ń bọ̀ ní basement Honourable. Ẹni tí wọn kò fún ìyá rẹ̀ ní fisà, ó ń bọ̀. Wọ́n á ní, "Daddy, ẹ ṣáà bá wa pè wọ́n." Kò sí ẹnì kankan tí Honourable lè pè. Ṣùgbọ́n yóò fún wọn ní àga, yóò gba ìwé wọn, yóò kà á láti òkè délẹ̀, yóò sì bá wọn kọ lẹ́tà tó mọ́lẹ̀, tí kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe lọ́jọọjọ́ Jímọ̀ ní Eastmere nìyẹn. MP á jókòó sí ọ́fíìsì kékeré kan, ará ìlú á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògiri ilé ẹni yìí ń jò, ọmọ ẹni tọ̀hún kò ríbi kàwé. Ó ní ìyẹn lòun fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ariwo inú ilé aṣòfin kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ òun.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí Adéfúnmi ní òun fẹ́ díje fún ipò kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ó fẹ́ kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kún èyí tó ń lọ sí Seton ní kùtùkùtù, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní mọ́tò má baà máa dúró nínú òtútù. Kò pẹ́ tí Fọláhàn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní òun náà fẹ́ díje. Àwọn àgbà ní kò dáa kí ọmọ ìyá méjì máa fa ara wọn láṣọ ya lójú òyìnbó. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n rí gbọ̀ngán kan ní Pineridge. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wá sọ tẹnu wọn, kí a nawọ́, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kéré jù fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Adéfúnmi gbà, Fọláhàn gbà.

Níbí yìí ni àṣìṣe tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó á bi ẹni tó ń díje pé kí lo fẹ́ ṣe. Tiwa yàtọ̀. "Ọmọ ta ni?" ni a kọ́kọ́ ń béèrè, torí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ni mo dábàá pé ká fi fọ́tò Daddy sínú flyer, èyí tó ti jókòó lórí àga aláwọ̀ ewé yẹn. Adéfúnmi ló fi ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀: "Ọmọ Honourable Akínrẹ̀mí. Ìdílé tí kì í yẹ àdéhùn." Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìlá ló gbé dàgbà kó tó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní England, ohun tí màmá náà sì fi ń kì í láràárọ̀ nìyẹn. A kò bi Daddy. A fẹ́ fi yà á lẹ́nu.

Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. Ìrẹsì ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí Adéfúnmi gbé ọ̀kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní, "Ta ló kọ èyí?"

Adéfúnmi ní, "Èmi àti Sister Fẹ́yì. Ẹ fẹ́ràn ẹ̀?"

Ó ní, "Ó dáa." Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement, ìrẹsì rẹ̀ tutù síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́rú tó ṣáájú ìpàdé ni mo ká a mọ́ nígbà break ní Seton. Mo ní, "Daddy, kí la ṣe yín?" Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ní kí n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.

Ó ní àṣà kan wà nílé aṣòfin wọn. Bí ọ̀ràn tó le bá ṣẹlẹ̀ sí MP kan, tí kò lè wá dìbò, MP kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì á bá a ṣàdéhùn pé òun náà kò ní dìbò lọ́jọ́ náà. Ẹyọ kan dín níbí, ẹyọ kan dín lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Pair ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Kò sófin tó dè é, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Pair ti Honourable ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Colin Thwaite, àgbà tó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún níbẹ̀. Òun ló mú un mọ ilé, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìyá Honourable ń ṣàìsàn ní Ìlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Thwaite jókòó sílé nítorí rẹ̀ kó lè lọ rí i.

Ó wá kan Thwaite. Ìyàwó rẹ̀ ń kú lọ, ìdìbò ńlá sì wà lọ́jọ́ náà, lórí iye tí àwọn arúgbó máa san nílé ìtọ́jú. Honourable ní, "Ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, 'Tim, ṣé mo lè lọ?' Mo ní, 'Go home, Colin.' Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, whip pè é sí kọ̀rọ̀. Whip yìí lẹni tí ẹgbẹ́ fi ń ṣọ́ àwọn MP rẹ̀ kí wọ́n má baà sá nídìí ìbò. Ó ní ó ku ìbò kan kí ẹgbẹ́ borí. Ó ní ipò kékeré kan ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mínísítà kan, wọ́n sì ti ń dá orúkọ Honourable níbẹ̀. Ó ní àwọn máa sọ pé àṣìṣe ni, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Mo wọlé, mo dìbò," Honourable ní. "Ìbò kan la fi borí, Fẹ́yì. Tèmi."

Mo ní, "Kí ni ọkùnrin náà wá ṣe?"

Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn tó sin ìyàwó ẹ̀, ó padà wá, ó jókòó tì mí níbi tá a ti ń mu tíì. Mo ń wá ohun tí mo máa sọ. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, 'How is your mother?' Mo ní ara wọn ti ń yá. Ó ní, 'Good.' Ó mu tíì ẹ̀ tán, ó dìde. A ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dìbò mi jáde."

Kí n má parọ́, ohun tí mo sọ fún un kò bu ọlá kún mi. Mo ní, "Daddy, ta ló mọ Eastmere ní Calgary? Ẹ gbé e mì. Let her win first." Ó wò mí bó ṣe máa ń wo aláìsàn tó kọ̀ láti lo oògùn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Ẹ̀rù ìbò ló ń bà mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo wa mọ́tò. Adéfúnmi jókòó sí iwájú, ó ń ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn, páálí flyer wà lórí itan rẹ̀. A ti rìn jìnnà lórí títì Deerfoot nígbà tó ní, "Adéfúnmi, dákẹ́ ìwé kíkà ná." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò pọ́n ọn, kò bu iyọ̀ sí i.

Adéfúnmi kò yíjú padà. Ó ní, "Daddy, since all these years? Kí ló dé tó jẹ́ òní lẹ ń sọ fún mi?"

"Nítorí ohun tẹ́ ẹ kọ síbí yìí."

"Grandma ló sọ ọ́."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọmọ Grandma ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò níwájú gbọ̀ngán, kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ká ṣáà fi páálí náà sílẹ̀ nínú mọ́tò, ká má dárúkọ Daddy rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngán ló ti gba flyer lórí WhatsApp. Adéfúnmi nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Mi ò fẹ́ fi irọ́ bẹ̀rẹ̀."

Fọláhàn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Adéfúnmi sọ tirẹ̀, lórí bọ́ọ̀sì, lórí daycare, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ní kí bàbá òun jáde wá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo Honourable. Ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́. Ó ní wọ́n kọ ọ́ sí ìwé pé ìdílé òun kì í yẹ àdéhùn. Ó ní òun yẹ ọ̀kan, ọmọ òun kò sì mọ̀ títí di ìdajì wákàtí sẹ́yìn. Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ nawọ́ fún Adéfúnmi, kí wọ́n nawọ́ nítorí ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n má wo orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Politics na politics now, who never do am?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní a ti yọ.

Ìgbà náà ni Ìyá Máyọ̀kún nawọ́. Màmá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Abẹ́òkúta ló ti wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Kò tilẹ̀ lè dìbò ní Calgary. Ó ní, "Akínrẹ̀mí, ẹ kú ìdúró. Ẹ ti sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣẹ ọkùnrin yẹn. Ẹ ò tíì sọ bẹ́ ẹ ṣe bẹ̀ ẹ́."

Honourable bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Màmá ní, "Ṣé ẹ bẹ̀ ẹ́?"

"Rárá, Mà."

"Láti ọdún wo?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀dógún, Mà."

Màmá mi orí. Ó ní, "Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ tíì kúnlẹ̀." Ó jókòó, ó tún aṣọ ọmọ ọwọ́ tó gbé sẹ́yìn ṣe.

Inú bí mi sí màmá yẹn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ilé ló sọ jáde. Láàárín wa, kò sẹ́ni tí kì í ṣẹ èèyàn. Ká ṣẹ èèyàn tán, ká wá máa rìn lọ rìn bọ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀dógún láìbẹ̀ ẹ́, ìyẹn lọ̀rọ̀ tí kò ní aṣọ tá a lè dà bò ó. Wọ́n ka ọwọ́. Fọláhàn ní mẹ́tàlélógójì, Adéfúnmi ní méjìdínlógójì.

Adéfúnmi bọ Fọláhàn lọ́wọ́, ó kí i kú oríire. Bá a ṣe ń jáde, àwọn méjì nínú àwọn tó ń tì í lẹ́yìn dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kó díje lọ ní tirẹ̀, ìbò márùn-ún kì í ṣe nǹkan, ta ló bá wọn kọ ìwé àdéhùn? Adéfúnmi ní, "Mo ti sọ pé màá fi sílẹ̀." Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó gbọ́ ọ. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ títí a fi dé ìdí mọ́tò.

Nínú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ pé, "Adéfúnmi, mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi—"

Adéfúnmi ní, "Daddy, ẹ má bẹ̀ mí. Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀."

Ẹ̀kún ló fi sọ ọ́, kì í ṣe ìbínú.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Honourable ní kí n wá jókòó ti òun. Ó ti wá nọ́ńbà ilé Thwaite rí lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Eastmere. A wà nínú kíṣìnnì, Adéfúnmi ń fọ abọ́, nítorí kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń ṣọ́ bàbá òun. Honourable fi fóònù sórí tábìlì, ó fi í sí speaker nítorí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ dáadáa mọ́.

Ọkùnrin kan gbé e. Ó ní ọmọ Colin Thwaite lòun, pé bàbá òun ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Honourable kí i kú ará fẹ́ra kù, ó sì dárúkọ ara rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Akinremi? Ẹ̀yin lẹ jẹ́ pair Dad?"

Honourable ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohùn ọkùnrin náà rọ̀. Ó ní bàbá àwọn sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn títí tó fi kú. Ó ní lọ́jọ́ tí ìyá àwọn ń kú lọ, ìyá náà ń ṣàníyàn pé ọkọ òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí òun. Bàbá àwọn wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọ̀rẹ́ òun kan, Akinremi, ti ṣèlérí, ó sì ti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ìyá àwọn ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá Dad jíṣẹ́ náà fún yín. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni."

Adéfúnmi ti pa omi ẹ̀rọ. Èmi tí mi ò gbọ́n láyé, mo ń mi orí sí Daddy pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ti dúpẹ́, ìyá rẹ̀ ti kú pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ta ni òtítọ́ máa wá ṣe láǹfààní?

Honourable gbé fóònù kúrò lórí tábìlì, ó fi í sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di àga mú, ó kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tí kò rí i. Ó ní bàbá rẹ̀ ló bo òun láṣìírí. Ó ní òun dìbò lọ́jọ́ náà. Ó sọ ohun tí wọ́n fi fa ojú òun mọ́ra, ó sọ iye ìbò tí wọ́n fi borí, ó ní òun kò wá bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi kú, pé òun ń bẹ̀bẹ̀ wàyí.

Mo rò pé fóònù ti já. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà ní, "Ṣé Mum mọ̀?"

Honourable ní, "Rárá. Kò mọ̀."

Ọkùnrin náà ní òun dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́ fún òun. Ó ní ṣùgbọ́n bàbá òun ni Honourable ṣẹ̀, òun kò sì lè bá òkú dárí ji ẹnikẹ́ni. Ó ní ó dàbọ̀, pẹ̀lú sùúrù, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Honourable kò dìde. Nílé wa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kì í dìde fúnra rẹ̀; ẹni tó ń bẹ̀ ló máa ní kó dìde. Adéfúnmi wò mí, mo wò ó. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó dìde nínú àwa méjèèjì.